Àbẹ̀kẹ́, Ẹ Fi Ọ̀nà Coosa Sílẹ̀ Ná

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí ohun tí o kọ ránṣẹ́, pé ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń lọ pàgọ́ sí Vogel State Park, ọgbà ìjọba ní Georgia ní Amẹ́ríkà, ní ìparí oṣù kẹwàá. Ìyá rẹ ní kí ló dé tí ẹni tó ní bẹ́ẹ̀dì nílé yóò fi lọ sùn sórí ilẹ̀ nínú igbó. Èmi kò bá ọ jiyàn ní tèmi. Àríwá Georgia dára lásìkò yẹn, nígbà tí ewé bá ń pọ́n tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè sì yí àwọ̀ padà. Ọ̀nà Coosa tí ẹ lẹ́ ẹ fẹ́ fi ọjọ́ kan rìn ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ẹ má rìn ín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 13, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ló sì kún inú rẹ̀. Lóṣù kẹwàá, ilẹ̀ kì í tètè mọ́ níbẹ̀, aago mẹ́jọ ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀. Oòrùn á sì ti wọ̀ kí aago méje alẹ́ tó lù. Lábẹ́ igi, ilẹ̀ tún máa ń ṣú ṣáájú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò gun òkè rí, ìgbà wo lẹ máa rìn, ìgbà wo lẹ máa sinmi? Èyí tó burú jù ni pé ọ̀nà náà yípo ni. Bí ó bá rẹ̀ yín ní ìdajì, iwájú jìn, ẹ̀yìn jìn.

Bear Hair Gap ni kí ẹ rìn. Kò ju nǹkan bíi máìlì mẹ́rin lọ, ẹ ó sì dé ibi tí ẹ ti máa rí adágún Trahlyta nísàlẹ̀. Bó bá wá di dandan kí ẹ gun Blood Mountain, ẹ wa ọkọ̀ lọ sí Neel Gap. Ilé olókùúta kan wà níbẹ̀ tí ọ̀nà ìrìn-ẹsẹ̀ Appalachian gba àárín rẹ̀ kọjá. Láti Georgia, ọ̀nà yẹn ń lọ dé ìpínlẹ̀ Maine lápá àríwá Amẹ́ríkà, nǹkan bíi máìlì 2,190. Nígbà kan, bàtà máa ń wà lórí igi kan níwájú ilé náà. Àwọn tí ìrìn sú lẹ́yìn nǹkan bíi máìlì 30 péré láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ló so wọ́n kọ́ kí wọ́n tó wọkọ̀ padà sílé. Lójú tèmi, wọ́n gbọ́n ju ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ nínú òkùnkùn.

Ó wá kan oúnjẹ. Mo mọ̀ ọ́: wàá gbé kílíṣí, wàá gbé jọ̀lọ́ọ̀fù, wàá tún di ẹja gbígbẹ mọ́ ọn. Ẹ jẹun dáadáa, àmọ́ béárì dúdú wà lórí àwọn òkè yẹn, imú wọn sì ju ti ajá lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n ń jẹun bí ẹni tí kò ní rí oúnjẹ mọ́, torí òtútù ń bọ̀. Ohunkóhun tó bá ní òórùn kò gbọdọ̀ wọ inú àgọ́ yín, ìbáà ṣe oúnjẹ, ọṣẹ, ìpara, oògùn ìfọyín, títí kan aṣọ tí o fi dáná. Inú ọkọ̀ ni kí gbogbo rẹ̀ sùn, kí ẹ sì tì í pa. Bí o bá pàdé béárì, má sá. Ó yára jù ọ́ lọ, ó sì mọ igi gùn. Na ọwọ́ méjèèjì sókè, pariwo mọ́ ọn, máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kọlù ọ́ tòótọ́, má díbọ́n bí òkú, jà. (Má jẹ́ kí ìyá rẹ ka ibí yìí.)

Síbẹ̀, ẹ̀rù eégbọn ló ń bà mí ju ti béárì lọ. Irú kan wà ní Georgia, abo rẹ̀ ní tóótòó funfun kan lẹ́yìn. Bó bá jẹ èèyàn, ara onítọ̀hún lè máa kọ ẹran màlúù, ẹran ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ láti ìgbà náà lọ. Á jẹ ẹ́ tán, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ara á máa yún un, èémí sì lè há. Báwo lo ṣe máa wá jókòó síbi ìnáwó! Ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí o sì yẹ abíyá, ẹ̀yìn orúnkún àti inú irun wò lálaalẹ́. Bí o bá rí i, fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tó ti kan awọ gan-an, kí o fà á jáde tààrà. Má fi iná sí i.

Fi jíìnsì àti aṣọ òwú sílé. Bí òjò bá pa wọ́n, wọn kì í gbẹ, òtútù òru orí òkè á sì gba inú wọn wọlé. Aṣọ onírun àgùntàn tàbí pólíẹ́stà ló dára.

Fóònù yín kò ní ríṣẹ́ ṣe níbi púpọ̀. Àwọn Cherokee, ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ni ilẹ̀ yẹn kí ìjọba tó lé ọ̀pọ̀ wọn lọ ní 1838, gbà pé àwọn ará àìrí kan tí wọ́n ń pè ní Nunnehi ń gbé lórí àwọn òkè náà, tí wọ́n máa ń gba ẹni tó bá sọnù sílé. Má gbójú lé wọn. Ọdẹ kì í wọ igbó láìsọ apá ibi tó dorí kọ fáwọn ará ilé. Kí ẹ tó kúrò níbùdó, fi orúkọ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ rìn àti aago tí ẹ máa padà ránṣẹ́ sí mi. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù, tí ẹ kò tíì dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ padà.

Ìyá rẹ ń bi mí bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti sọ fún un pé ó wà, omi gbígbóná náà sì wà. Ó ní kí o ṣì gbé bùtà rẹ dání.

Èmi ni,
Bàbá rẹ