Ẹ bi ọmọ léèrè iye ìjà tó ti jà kí ẹ tó tì í wọ rìǹgì

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta torí ó ń dùn mí lọ́kàn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà, ọmọ ọdún 19, ó ga, ó sígbọnlẹ̀, ó ti tó ọdún méjì tó ti ń gbé irin ládùúgbò wa ní Mushin níbí, apá ẹ̀ le bí igi. Ó ní òun fẹ́ máa kan ẹ̀ṣẹ́, mo bá mú un lọ bá kóòṣì kan ní Surulere. Ọ̀sẹ̀ kẹta péré o, kóòṣì wo àyà ọmọ yìí, ó ní eléyìí ti tó jà, ó bá fà á fún ọkùnrin kúkúrú kan tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tí orí ẹ̀ ò ju èjìká ọmọ wa lọ. Ráùndì àkọ́kọ́, ọmọ wa ń ju ẹ̀ṣẹ́ bí ẹni ń la igi, kò ba nǹkan kan, nígbà tó fi máa di ráùndì kejì ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, apá ò gbéra mọ́, ọkùnrin yẹn kàn ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ó ń gbá a níhà. Ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde nímú ẹ̀ kí wọ́n tó là wọ́n. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹni tí ò tíì jà púpọ̀, ṣe ló máa ń sé èémí tó bá ń ju ẹ̀ṣẹ́, èjìká á le gbagidi, okun á tán kíá, ara ńlá yẹn náà sì rèé, atẹ́gùn ló ń fẹ́. Ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kóun sinmi, èjìká rẹ ló ń wò, o ò tíì na ọwọ́ tó ti mọ ibi tó ń bọ̀.

Ṣebí gbogbo wa la wo Anthony Joshua, ọmọ Ṣàgámù wa, lọ́dún 2019 ní New York. Ikùn Andy Ruiz tó bá a jà ń mì, àwọn èèyàn ń fi í rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ọmọ ọdún 6 ni bàbá ẹ̀ ti ń mú un lọ síbi ẹ̀ṣẹ́, Joshua ti tó ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ruiz lu Joshua ṣubú, ráùndì keje ni réfírì dá ìjà dúró. Oleksandr Usyk, ọmọ Ukraine, náà ńkọ́, ní 2021? Joshua ga jù ú, ó fi bíi kílò 8 wúwo jù ú, síbẹ̀ ráùndì 12 gbáko ni Usyk fi jà á tó sì kó bẹ́líìtì lọ, torí ó ti ja ìjà tó lé ní 300 kó tó máa gbowó jà.

Mi ò ní ara ò ṣe nǹkan o. Israel Adesanya tí wọ́n bí l'Ékòó níbí, tó gbajúmọ̀ nínú UFC, ìjà tí wọ́n ti ń kan ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n tún ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀, ìrírí kún ọwọ́ ẹ̀, àmọ́ nígbà tó kúrò ní ìwọ̀n tiẹ̀ tó lọ bá Jan Błachowicz tó wúwo jù ú jà lọ́dún 2021 yẹn náà, ìyẹn gbé e ṣánlẹ̀ láwọn ráùndì tó gbẹ̀yìn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò rí i yí. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé èèyàn sórí ìwọ̀n nìyẹn, àmọ́ ìwọ̀n ò lè sọ iye ìjà téèyàn ti jà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fáwọn kóòṣì, títí kan àwọn tó wà nínú àdúgbò, kí wọ́n máa kọ iye ìjà ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí ọmọ tí ò jà rí má lọ pàdé ẹni tó ti ja ogún, bó ti wù kó tóbi tó. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ máa bèèrè ìwé yẹn.

Ọmọ wa ti padà sẹ́nu ẹ̀, kóòṣì mìíràn ni, ní Yaba. Oṣù mẹ́ta ni ìyẹn ní kó fi máa fo okùn kó sì máa kọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rìn, ìbọ̀wọ́ ò tíì kàn án.

Èmi òǹkàwé yín,
Mushin, Èkó