Ta Ló Mú Ọ Wá Síbí?

Ìwé kíkà: Àwọn Onídàájọ́ 17:7-13 àti 18:1-20

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Láti bí oṣù mẹ́ta, àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba NCE àtàwọn tó ti ṣe B.Ed tán tí wọ́n ti sin ìlú ló ń wá bá mi jù ní fẹ́sítìrì lẹ́yìn ìsìn, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń gbé wá: Bàbá, ṣé kí n máa wáṣẹ́ tíṣà nìṣó níbí ni àbí kí n jápa?

Ọmọ Léfì kan wà nínú Bíbélì tí a kì í sábà wàásù nípa ẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ọmọ Léfì ni kí wọ́n máa kọ́ Ísírẹ́lì ní òfin Ọlọ́run, ká kúkú sọ pé tíṣà ni wọ́n. Ọmọ yìí gbéra ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ó ń wá ibi tó máa rí dúró sí, ó rìn títí ó fi dé ilé Míkà lórí òkè Éfúráímù. Míkà ní dúró tì mí, kó o máa ṣe àlùfáà mi, màá máa fún ọ ní ṣékélì fàdákà mẹ́wàá lọ́dún, ẹ̀wù kan, àti oúnjẹ. Ó gbà, a ò kà á níbẹ̀ pé ó bèèrè ohunkóhun, ó sì di àlùfáà nílé òrìṣà.

Mi ò ní bú u, ebi kì í jẹ́ kéèyàn bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ka Nehemáyà 13:10, nígbà tí wọn ò fún àwọn ọmọ Léfì ní ìpín wọn mọ́, kálukú sá lọ sóko ẹ̀, Nehemáyà ò sì bá àwọn tó sá lọ jà, àwọn ìjòyè ló bá wí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwa àgbà dúró sí ná ká tó máa sọ pé àwọn ọmọ ìsìnyí ò nífẹ̀ẹ́ ilé.

Kí n tó lọ sí sẹ́mínárì, èmi náà ṣe tíṣà nílé ìwé àdáni kan, oṣù mẹ́ta gbáko wọn ò sanwó fún wa, nígbà tá a lọ bá ẹni tó ni ilé ìwé ó ní ká fọkàn balẹ̀, èrè tíṣà ń bẹ lọ́run. Ó ń dùn mí dòní. Èyí tó wà lọ́run, Ọlọ́run ló máa san án, èyí tó wà láyé, ẹni tó gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ òbí ló máa san án. Láti 2024 ni òfin ti sọ pé ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù, ẹ lọ bi tíṣà tó ń kọ́ ọmọ yín ní nọ́sìrì iye tó ń gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé ìwé nínú ìjọ yìí, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó wá kan ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà táwọn ará Dánì, ẹ̀yà Ísírẹ́lì kan tó ń wá ilẹ̀, yà nílé Míkà, wọ́n bi ọmọ Léfì yẹn ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló mú ọ wá síbí? Kí lò ń ṣe níbí? Kí lo ní níbí? Ẹ bi ara yín kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ta ló mú ọ wá. Ìyá kan nínú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ta ilẹ̀ tí ọkọ ẹ̀ fi sílẹ̀ torí ẹ́jẹ́ǹtì kan tó ní òun máa bá ọmọ ẹ̀ gba QTS, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tíṣà ti England. Ẹ gbọ́ o, láti February 2023 ni wọ́n ti ṣí ọ̀nà yẹn fún tíṣà Nàìjíríà, orí wẹ́ẹ̀bù ìjọba wọn ni wàá ti kọ ọ́ fúnra ẹ, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ wọ́n máa bèèrè dìgírì, NCE nìkan ò tó, wọ́n máa bèèrè pé o ti kọ́ni fún ọdún kan ó kéré tán lẹ́yìn tó o gbàwé, wọ́n á tún fẹ́ lẹ́tà láti TRCN, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn tó sì ń kọ́ Maths, sáyẹ́ǹsì àti èdè fún ọmọ ọdún 11 sí 16 ni wọ́n ṣí i fún. QTS kì í ṣe fíísà, kì í sì í ṣe iṣẹ́, ilé ìwé kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà ọ́ kó sì ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ. Ẹni tó bá ní kó o kówó wá torí QTS ti tó wọ bàálù, irọ́ ló ń pa fún ọ.

Kí lò ń ṣe níbí. Ọdún kan tí wọ́n ń bèèrè yẹn, ibo lo ti fẹ́ rí i tó o bá jókòó sílé tó ò ń retí Ìbàdàn nìkan? Tí wọ́n bá gbé ọ lọ sí Òkè-Ògùn, lọ. Ní January 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ ya wọ ilé ìwé lójijì, tíṣà ò tó, bàbá mi wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́, Kìṣí, ní Òkè-Ògùn yẹn náà, ni wọ́n gbé e lọ, kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí ìyá mi.

Kí lo ní níbí. Èyí ló le jù, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni dáhùn ẹ̀. Ẹlòmíì ní ìyá tí ara ẹ̀ ò yá, ẹlòmíì ní àfẹ́sọ́nà tí ò gbọ́ sí i, ẹlòmíì ò ní nǹkan kan tó so ó mọ́lẹ̀, kò sì burú. Ọmọ Léfì yẹn ò dúró rò ó, àwọn ará Dánì ní iṣẹ́ àwọn tóbi ju ti Míkà lọ, inú ẹ̀ dùn, ó kó ère ilé Míkà, ó tẹ̀lé wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin, àwọn pírínsípà wa tó ti fẹ̀yìn tì máa wà ní gbọ̀ngàn láti bá ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ṣe ìdánwò TRCN múra, ẹ mú fọ́tòkọ́pì ìwé ẹ̀rí yín wá. Ẹni tí fíísà ẹ̀ sì ti jáde, má fi pamọ́ fún mi bíi pé mo máa bínú. Wá, kí ìyá ẹ náà bá ọ wá, ká jọ gbàdúrà.