Ìrù ọ̀rọ̀ ni kí ẹ wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nítorí àwọn ọmọ wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó ń kọ́ Gíríìkì àtijọ́ kí wọ́n lè fi ojú ara wọn ka Májẹ̀mú Tuntun. Tábìlì ìrù ọ̀rọ̀ (bí òpin ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà) ni wọ́n ń há sórí bí ẹni há ewì. Tí gbólóhùn bá wá dé iwájú wọn, wọn ò mọ ẹni tó ṣe é yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ṣe é sí.

Ní tiwa, àyè tí ọ̀rọ̀ wà ló ń sọ iṣẹ́ rẹ̀. “Ajá lé ewúrẹ́” kì í ṣe “ewúrẹ́ lé ajá.” Ìrù ọ̀rọ̀ ni Gíríìkì ń wò. Ho doûlos tòn kýrion blépei, tòn kýrion ho doûlos blépei: ẹrú náà ló ń wo ọ̀gá rẹ̀ nínú méjèèjì. -os ni ti olùwà, -on ni ti àbọ̀.

Ipò márùn-ún ló wà: olùwà, oní-nǹkan, ẹni tí a fún, àbọ̀, ẹni tí a ń pè. Ẹ wo lógos, “ọ̀rọ̀”: lógos, lógou, lógōi, lógon, lóge. Tó bá di púpọ̀: lógoi, lógōn, lógois, lógous, ti ìpè sì bá ti olùwà dọ́gba. (Ìrù tó wà fún nǹkan méjì péré kò sí nínú Májẹ̀mú Tuntun, ẹ fò ó.) Ìwé Faransé sábà máa ń fi ìpè àti àbọ̀ tẹ̀lé olùwà, kí ó tó kan oní-nǹkan. Ọ̀pọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń fi oní-nǹkan ṣe ìkejì. Ẹni tó bá ń ti orí èyí fò sórí tọ̀hún á da ara rẹ̀ láàmú lásán. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ dì í mú.

Ẹ tún kọ́ ábídí Gíríìkì gan-an. Bí ẹ bá ń fi tiwa kọ ọ́ láìfi àmì sí i, λόγον, “ọ̀rọ̀” tó jẹ́ àbọ̀, àti λόγων, “ti àwọn ọ̀rọ̀”, á di ọ̀kan náà lórí ìwé.

Èyí tó ṣe kókó jù: ẹ má kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láìfi ho (ti akọ), hē (ti abo) tàbí tó (ti èyí tí kì í ṣe akọ tàbí abo) ṣíwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi ti oní-nǹkan tẹ̀lé e. Ẹni tó gbọ́ Faransé ti mọ le àti la, kò yẹ kí èyí ṣòro fún un. Hodós, “ọ̀nà”, jọ lógos délẹ̀délẹ̀, àmọ́ hē ló ń gbà. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ orúkọ Gíríìkì pín sí nípa ìrù wọn. Nínú ẹgbẹ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Phýlax, “ẹ̀ṣọ́”, kò fi ìdí rẹ̀ hàn. Phýlakos ló fi í hàn. Ẹ yọ -os kúrò, ó ku phylak-, òun ni gbogbo ìrù yòókù ń lẹ̀ mọ́. Elpís, “ìrètí”, di elpídos. Ẹni tí kò mọ d yẹn ò ní mọ elpída tó bá pàdé rẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ kìíní, lẹ́tà “a” tó wà ní ìrù máa ń dúró gbọn-in lẹ́yìn e, i àti r: chṓra, “ilẹ̀”, chṓras. Lẹ́yìn lẹ́tà mìíràn, ti oní-nǹkan á di -ēs: thálassa, “òkun”, thalássēs. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń gba “tó” kò ya olùwà sọ́tọ̀ kúrò lára àbọ̀ rárá: dôron, “ẹ̀bùn”, ni méjèèjì, dôra tó bá pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó tẹ̀lé dôra sì sábà máa ń jẹ́ ti ẹyọ kan, ẹ má rò pé àṣìtẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́ tó. Ẹ kọ wọ́n sórí bébà, ẹ bo apá oní-nǹkan, ẹ pè é jáde láìwò. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Jòhánù 1:1: theòs ên ho lógos. Ìrù àwọn méjèèjì jọra, àmọ́ ọ̀dọ̀ lógos ni ho dúró sí, ìyẹn ló sọ ọ́ di olùwà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ló wà. Bíbélì wa náà fi Ọlọ́run ṣíwájú níbẹ̀: “Ọlọ́run sì ni Ọ̀rọ̀ náà.”

Òǹkàwé yín, Kétu