Àkànní, nítorí ẹni tí o gbé sẹ́yìn alùpùpù

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. Àbúrò rẹ ló gbé e wá sórí fóònù tirẹ̀ tó fẹ̀ kí n lè rí i dáadáa, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wò wọ́n lórí òkè Stelvio ní Ítálì!" Inú mi dùn, àfìgbà tí mo wo ọwọ́ ìyàwó mi. Ó ń rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ó di jákẹ́ẹ̀tì rẹ mú pinpin débi pé aṣọ ká jọ sábẹ́ abíyá rẹ. Kò sí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ wọ tìrẹ. Mo pè ọ́, o ò gbé e. Mo tún pè, o wá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé, "Mọ́mì, kò séwu, à ń gbádùn ni." Àwọn wo ni "à ń"? Ṣé o bi í?

Ara gbogbo wa le. Orúnkún mi ti ń gbọ́ oògùn díẹ̀díẹ̀. Àbúrò rẹ ti kó sí yàrá rẹ, kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ wà ní pálọ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Mi ò sọ fún un pé mò ń kọ lẹ́tà, ìwọ náà má sọ.

Àbúrò rẹ kà á fún mi pé kọ́nà 48 ni ẹ máa yí láti ọ̀nà Prato, ìlú kan nísàlẹ̀ òkè náà, kí ẹ tó dé òkè, pé orí òkè náà ga tó mítà 2,757. Ọdún 1825 ni wọ́n là á tán. Nígbà yẹn kò tíì sí alùpùpù láyé, ẹlẹ́ṣin àti kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n là á fún. Ẹṣin kì í sáré wọ kọ́nà kó lè ya fọ́tò.

Wọ́n ní ẹni a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Irọ́ ni, ó kéré tán lórí máṣìn. Ẹni tó ń gùn ún ní bíréèkì lọ́wọ́, ó ní in lẹ́sẹ̀, ó sì ti rí kọ́nà kó tó dé ibẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn ò ní nǹkan kan, ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ìgbà tí máṣìn bá tẹ̀ ló tó mọ̀. Bí o bá tẹ bíréèkì lójijì, akoto rẹ̀ á gbá tìrẹ, gbogbo ara rẹ̀ á dà lé ọ lẹ́yìn, ìwọ á wá rò pé kò mọ̀ ọ́n jókòó. Ìwọ ni o ò mọ̀ ọ́n gùn!

Má bínú. O mọ̀ ọ́n gùn, bàbá rẹ ló kọ́ ọ. Òun ló ní kí o máa fi sí jíà kékeré bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè, kí ẹ́ńjìnnì lè máa fà á dúró, torí bíréèkì tí a ń tẹ̀ láìjẹ́ kó sinmi á gbóná, ọ́ìlì inú rẹ̀ á hó, o máa tẹ̀ ẹ́ kò sì ní mú nǹkan kan. Òun ló ní kí o fún taya ẹ̀yìn ní atẹ́gùn tí ìwé máṣìn bá sọ fún ẹni méjì, kí o sì parí bíréèkì kí máṣìn tó tẹ̀ sí kọ́nà. Gbogbo ẹ̀ dára. Ọ̀rọ̀ ẹni ẹ̀yìn ni kò kọ́ ọ, torí èmi ni mo wà níbẹ̀, n kò sì sọ.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, ó máa ń fi máṣìn gbé mi gba ojú ọ̀nà orí òkè kan tí ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo kọ́nà, ojú mi á wà ní dídì. Bí máṣìn bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, èmi á fi ara sí òsì, mo rò pé mò ń gbà wá là. Ṣe ni máṣìn á máa fẹ́ sún sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bàbá rẹ á pariwo pé, "Jókòó dáadáa!" Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n bá a tẹ̀, kí n gba èjìká rẹ̀ tó wà níhà ibi tí ọ̀nà yí sí wo iwájú. Tí a bá dé, màá rẹ́rìn-ín, màá ní ó dùn.

Àpá tó wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ mi, tí mo sọ fún yín pé omi gbígbóná ni, sàlẹ́ńsà ló jó mi. Bàbá rẹ dúró díẹ̀ lórí òkè, mo yára bọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ kó sọ pé ó yá, torí mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀. Mo ní kò dùn mí. Títí di òní, bí àlejò bá wá, bàbá rẹ á ní ìyàwó òun ò bẹ̀rù òkè rí láyé òun. Èmi á máa mi orí. Bóyá ká ní mo sọ̀rọ̀ ni, ì bá ti kọ́ ọ ní èyí pẹ̀lú ìyókù.

Ra ìbọ̀wọ́ fún un. Aṣọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn bíi tìrẹ, torí bí ìsàlẹ̀ bá tilẹ̀ gbóná, òtútù ni ẹ máa bá lókè. Kó má gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí irin tó gbé ẹsẹ̀ lé, bí ẹ bá tilẹ̀ dúró. Kí ẹ tó gbéra, ẹ fẹnu kò: tó bá gbá ọ nítan lẹ́ẹ̀kan, dẹwọ́ eré, tó bá di ẹ̀ẹ̀méjì, wá ibi tó dára dúró. Má bi í pé kí ló dé lórí ìrìn. Má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí ẹ bá dúró, torí tó bá ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn, kò ní gbá ọ nítan mọ́.

Mo tún ń wo fọ́tò náà. Ọwọ́ yẹn, Àkànní.

Tí o bá ti kà á dé ibí, pè mí, kí o gbé fóònù fún ìyàwó mi, kí o sì jáde nínú yàrá. Tí o bá dúró tì í, irú èsì tí mo máa ń fún bàbá rẹ ló máa fún mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ