Lẹ́tà sí Àkànní lórí ère kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ

Àkànní ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo pè ọ́ títí, fóònù ń dún, o ò gbé e. Mo sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo rí i pé o gbọ́ ọ, o dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọmọ Àlájì tó ń padà sí Káírò ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mo sì ti lẹ ẹnu rẹ̀ pa, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ojú.

Ilé wà bó ṣe wà. Bàbá yín ń kí ọ. Orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ní kí wọ́n má lọ sí mọ́ṣáláṣí kò tíì sí. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Rófíà ti ṣe ìdánwò JAMB, ó ní ó dáa, ojú rẹ̀ kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ń jò, owó páànù tí o ní o máa fi ránṣẹ́ kò tíì dé, a gbé garawa sí i. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ló mú mi jókòó kọ̀wé.

Ìyá Ganíù ló wá kí mi lọ́jọ́ ọjà. Ó jókòó, ó mu omi, ó yí ọ̀rọ̀ po títí, kó tó wá sọ pé ọmọ òun ní o ò wá sí kíláàsì mọ́. Ó ní ìwọ àti àwọn kan lẹ jọ ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Luxor, pé ẹ máa ń ra nǹkan tí wọ́n hú nínú sàréè àwọn ará àtijọ́, tí ẹ sì ń wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín. Mo ní irọ́ ni. Mo ní Àkànní tèmi kọ́. Mo tilẹ̀ fẹ́ bá a jà. Ìgbà tó lọ tán ni mo rántí àwòrán tí o gbé sórí WhatsApp lọ́jọ́sí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ ni, mo mọ àpá iná tó wà nídìí àtàǹpàkò rẹ, èmi ni mo fi oyin pa á. Ère kékeré kan dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, aláwọ̀ aró, tó ń dán, kò gùn ju ìka lọ, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Nígbà tí mo tún wò ó lálẹ́, o ti yọ ọ́ kúrò. Kí ló dé tí o yọ ọ́?

O rò pé màmá rẹ ò mọ̀ ọ́n ni? Ìtàn ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìwọ fúnra rẹ lo sì ra ìwé ńlá yẹn fún mi nígbà tí o wá ṣe Iléyá. Mo ti kà á já. Ṣabti ni wọ́n ń pe nǹkan yẹn. Àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ gbà pé ọ̀run náà ní oko, pé wọ́n lè pe òkú síta kó wá ro ilẹ̀, kó wá bomi sí i, kó ru iyanrìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà wọ́n á gbé ère bẹ́ẹ̀ sínú sàréè, wọ́n á kọ orúkọ olówó rẹ̀ sí i lára pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí yóò máa sọ: tí wọ́n bá ti pe olówó rẹ̀ síṣẹ́, kó dáhùn pé, “Èmi nìyí.” Wo ejìká rẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ya ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀ sí lára. Nígbà tó yá, ẹni tí agbára rẹ̀ ká a á ní 365, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, á tún fi ọ̀gá 36 tí yóò máa darí wọn kún un. Tutankhamun ọba ní 413. Ẹni tó bá jí ọ̀kan kó nínú irú nǹkan báyìí, ọjọ́ ìsinmi kan ló jí lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Àkànní, má fọwọ́ kan ohun òkú.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. Wàá ní kèfèrí ni wọ́n, pé oòṣà wọn kò kàn wá. Kò kàn wá lóòótọ́. Mi ò ní kí o bẹ̀rù ère. Ohun tí kì í ṣe tìẹ ni mo ní kí o bẹ̀rù.

Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn kò fi ikú ṣeré. Àádọ́rin ọjọ́ ni wọ́n fi ń tọ́jú òkú ẹni tó bá rí owó san. Wọ́n á kó ìfun, ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti àpò oúnjẹ jáde sínú ìkòkò mẹ́rin, wọ́n á fi iyọ̀ ilẹ̀ gbẹ ara, wọ́n á fi aṣọ ọ̀gbọ̀ dì í. Ọkàn ni wọ́n kì í sábà mú kúrò, torí òun ni wọ́n máa gbé sórí ìwọ̀n níwájú Osiris, òrìṣà tó jẹ́ ọba àwọn òkú, kí wọ́n gbé ìyẹ́ Maat, tí í ṣe òtítọ́, sí apá kejì. Bí ọkàn bá wúwo jù, ẹranko kan wà ńbẹ̀ tó ní orí ọ̀nì, àyà kìnnìún àti ìdí erinmi, òun ni yóò gbé e mì. Ṣùgbọ́n ibi tó mú mi jù ni ohun tí òkú gbọ́dọ̀ sọ níwájú adájọ́ 42. Kì í fi iṣẹ́ rere bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò ṣe ló ń kà: mi ò jalè, mi ò pànìyàn, mi ò gba wàrà lẹ́nu ọmọ ọwọ́, mi ò kó oúnjẹ àwọn òkú. Ó wà níbẹ̀, Àkànní, lọ kà á. Wọ́n ti mọ ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ò ní tíì gbẹ lórí òkú tí ẹnìkan á ti máa wo ẹnu ọ̀nà sàréè.

Má sì sọ fún mi pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Amenpanufer náà sọ bẹ́ẹ̀. Agbẹ́kùúta ni, nígbà ayé Ramesses Kẹsàn-án, ó ti lé ní 3,000 ọdún. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lu ihò wọ sàréè Sobekemsaf ọba àti ìyàwó rẹ̀ Nubkhaas. Wọ́n bọ́ wúrà kúrò lára ọba, wọ́n bọ́ ti ayaba, wọ́n dáná sun pósí. Wúrà tí wọ́n kó jẹ́ 160 deben, tó lé ní kílò 14. Àwọn mẹ́jọ pín in, ogún-ogún kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú un, ó kó ogún tirẹ̀ fún akọ̀wé àdúgbò, ìyẹn tú u sílẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n tún bù fún un, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀gúnjẹ ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 16 ìjọba ọba náà ni wọ́n tún mú un, tí wọ́n lù ú kó tó jẹ́wọ́, ó sì sọ níbẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ló ń ṣe bíi tàwọn. Kí ni ìyẹn wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Ṣé ebi ń pa ọ́ ni? Sọ fún mi bó bá jẹ́ ebi ni. Mi ò ní bínú sí ọmọ tí ebi ń pa. Àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ọba gan-an, àwọn ará abúlé tí wọ́n ń pè ní Deir el-Medina lónìí, ọkà ni owó oṣù wọn, àlìkámà fún búrẹ́dì, bálì fún ọtí. Ní ọdún 29 ìjọba Ramesses Kẹta, ọkà kò dé. Wọ́n kó irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ḿpìlì, wọ́n ní ebi àti òǹgbẹ ló gbé àwọn dé ibẹ̀, kò sí aṣọ, kò sí ẹja, kò sí ẹ̀fọ́, kí wọ́n kọ̀wé sí Fáráò. Wọ́n pariwo! Ìwọ dákẹ́. Kí ni mo ṣe tí o fi ń dákẹ́ sí mi?

Obìnrin kan wà ní abúlé yẹn kan náà, Naunakhte ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún kẹta Ramesses Karùn-ún, ó lọ síwájú ilé-ẹjọ́, ó ní òun tọ́ ọmọ mẹ́jọ, òun ti darúgbó báyìí, ẹni tó bá tọ́jú òun lòun máa fún ní ogún, ẹni tí kò tọ́jú òun kò ní rí nǹkan gbà. Ó tún wá fún ọ̀kan nínú wọn ní abọ́ idẹ lé ti tirẹ̀. Èmi ò ní abọ́ idẹ. Pulọ́ọ̀tì méjì ni mo ní lójú ọ̀nà Òṣogbo, mo sì mọ ilé lọ́yà.

Má bínú. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ, o mọ̀. Ṣé o ń jẹun dáadáa ṣá? Òtútù ibẹ̀ yẹn, máa wọ súwẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n rẹ rà fún ọ.

Wọ́n á mú ọ ni, ìyẹn ni mò ń sọ. Láti ọdún 1983, òfin 117 wọn ti sọ gbogbo nǹkan àtijọ́ di ti ìjọba, ó sì fi òpin sí títà á. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an kò mú un jẹ. Ìdílé Abd el-Rassul ní Qurna, abúlé kan nítòsí Luxor, tí wọ́n mọ gbogbo ihò inú òkè tó wà níbẹ̀, rí sàréè kan tí òkú ọba kún inú rẹ̀, Ramesses Kejì wà níbẹ̀. Wọ́n ń tà á díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ìjọba mú wọn, wọ́n lù wọ́n, wọn ò sọ. Nígbà tí ìjà ìpín wọ àárín wọn ni ẹ̀gbọ́n wọn lọ tú àṣírí fún ìjọba ní 1881. Àwọn tí o ń bá lọ sí Luxor yẹn, ṣé ọmọ ìyá rẹ ni wọ́n? Bí ọwọ́ bá bà wọ́n, àlejò ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ta ló máa gbé oúnjẹ wá bá ọ lẹ́wọ̀n ìlú onílùú? Bó bá sì jẹ́ owó ère yẹn lo fẹ́ fi ra páànù, fi í sílẹ̀. Kí òjò máa rọ̀.

Ó dáa, mo ti ń yí po bíi Ìyá Ganíù. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

O mọ̀ pé Táyé ni mí. Kò sí èyí tó bi mí rí nínú ẹ̀yin ọmọ pé Kẹ́hìndé mi dà. Kò tíì máa rìn nígbà tó lọ. Màmá mi lọ gbẹ́ ère rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá kan, wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ pupa mọ́ ọn nídìí. Bí wọ́n bá ń wẹ̀ fún mi, wọ́n á wẹ̀ fún un. Bí mo bá jẹ ẹ̀wà, díẹ̀ á kan ẹnu rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa gbọ́n, omi àti osùn ti fọ ojú rẹ̀ jó, imú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bí o bá gbé e lọ́wọ́, ó máa ń tutù.

Lọ́dún tí mo fẹ́ wọ ilé-ìwé olùkọ́ni, owó ò pé. Ọkùnrin kan máa ń kiri àdúgbò nígbà yẹn, nǹkan àtijọ́ ló ń rà, àwọn òyìnbó ló ń bá rà á. Màmá mi lọ sóko. Mo fi gèlè wé Kẹ́hìndé, mo gbé e lọ bá a. Kò tilẹ̀ ná an. Iye tí mo pè ló kà sí mi lọ́wọ́, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé mi ò mọ iye tó tó. Mo sọ fún màmá mi pé ikán ti jẹ ẹ́. Wọ́n wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀wà ni wọ́n ṣì ń gbé sí igun yàrá yẹn títí wọ́n fi kú, sí ibi tí kò sí ẹnì kankan.

Lẹ́yìn tí mo fẹ́ bàbá yín, àfáà bi mí bóyá nǹkan ìbọ kankan ṣì wà nílé wa. Mo ní kò sí. Ó ní alihamudulilahi, mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n nítorí Ọlọ́run kọ́ ni mo ṣe gbé e jáde, Àkànní. Owó ni. Gbogbo ẹfun tí mo fi kọ pátákó, owó oṣù tí mo fi rán ẹ̀yin náà níwèé, ibẹ̀ ló ti wá. Mo ti wò ó títí bóyá mo lè rí ọ̀nà kan tí ìyẹn kì í fi í ṣe olè, mi ò rí i.

Nínú ìwé rẹ yẹn, mo kà á pé àwọn ará Íjíbítì máa ń kọ lẹ́tà sí òkú wọn, pé wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú abọ́ oúnjẹ kí òkú lè kà á bó bá wá jẹun. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á bú u pé kí ni àwọn ṣe fún un tó fi ń dààmú àwọn. Mi ò mọ ohun tí màá kọ. Má sọ èyí fún bàbá yín.

Bó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọ, pè mí, kí o bú mi, mo gbà. Bó bá jẹ́ òótọ́, má tà á. Má gbé e bọ̀ wálé, torí ní pápákọ̀ òfurufú gan-an ni wọ́n ti máa mú ọ. Má sì jù ú sí odò Náílì kí o ní ọ̀rọ̀ ti tán. Wá olùkọ́ rẹ tó fẹ́ràn rẹ, èyí tí o máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi, sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìbu ọ̀kan mọ́ ọn, kí ó tẹ̀lé ọ gbé e lọ fún àwọn aláṣẹ musíọ̀mù. Má dá lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ yẹn, má bá wọn jà, má sọ ibi tí o ń lọ fún wọn, ṣáà kúrò láàárín wọn. Kí o sì padà sí kíláàsì.

Nọ́ńbà Rófíà ni kí o pè, tèmi kì í gbé ìpè òkè òkun dáadáa. Lẹ́yìn Àsárì ni kí o pè, bàbá yín á ti wà ní mọ́ṣáláṣí. Bí o ò bá tíì mọ ohun tí o máa sọ, ṣáà pè.

Èmi ni ìyá rẹ.