Àwa la kó ọjà wá, ẹlòmíì ló ń gbowó

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń rí dọ́là lórí ayélujára, inú mi dùn fún wọn, àmọ́ ẹ sọ ọ́ ku ibì kan. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta níbí, ọmọ mi obìnrin ló bá mi ṣí ojú ìwé ìtajà kan lórí ayélujára nígbà kan, mi ò ní dárúkọ àwọn tó ni ín. Nígbà yẹn tí mo bá gbé fọ́tò àdìrẹ ẹlẹ́kọ tuntun síbẹ̀, kí n tó jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ tán wọ́n á ti máa béèrè èló ni, láti Ìbàdàn, láti Lọ́ńdọ̀nù pàápàá. Ní báyìí, kò tó èèyàn mẹ́wàá tó ń rí i, àfi kí n sanwó kí wọ́n tó gbé e fún àwọn tó fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́ pé àwọn fẹ́ máa rí ọjà mi! Mo san án lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, kọ́sítọ́mà mi kan ya ojú fóònù ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ìpolówó àdìrẹ ayédèrú, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ló wà nísàlẹ̀ tèmi gẹ́lẹ́. Èmi àti ẹni tó ń pa ọjà mi, ẹnì kan náà là ń sanwó fún.

Ìsọ̀ tí mo gbà lọ́jà, tí òrùlé ẹ̀ bá ń jò mo mọ ilé ẹni tí màá lọ bá. Ti inú fóònù yìí ńkọ́? Àwa la kó ọjà wá, àwa la kó èrò wá, àwa là ń ṣeré, àwa là ń jà níbẹ̀ (ẹ ṣáà mọ ìjà ìgbà ìbò), àwa náà la tún ń ra dátà tá a fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, dátà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, gbà lóṣù kìíní 2025 kí owó ẹ̀ lè fi tó 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Àwọn tó ni ojú ìwé wá ní ọ̀fẹ́ ni. Meta tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp pa lé ní bílíọ̀nù 160 dọ́là lọ́dún 2024, ìpolówó ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀. Ojú wa ni wọ́n ń tà, ohun tá a tẹjú mọ́, ibi tá a dúró sí pẹ́.

Ọmọ àdúgbò wa kan máa ń ya fídíò bá a ṣe ń di aṣọ tá a sì ń rẹ ẹ́ sínú aró, ó dùn ún wò gan-an. Ó ti fi sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá bi àwọn èèyàn pé 'ìyàwó tó ń bọ́ ọkọ, ta ni olórí ilé?' ló ń rówó, torí wọ́n á bú ara wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mi ò bá a wí, ó ní ọmọ láti bọ́, ẹni tó gbé kóńgò tí wọ́n fi ń wọn owó fún un kalẹ̀ ni mò ń bá wí.

Lóṣù keje 2024 FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ní kí Meta san ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là torí bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ nípa wa láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa, Meta ní àwọn ò gbà, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà sì ti FCCPC lẹ́yìn lóṣù kẹrin 2025. Ó dáa. Àmọ́ àpò ìjọba ni ìtanràn ń lọ, ojú ìwé tèmi ṣì wà bó ṣe wà.

Èyí tó dùn mí jù rèé, ẹ má bínú: ẹ̀yin náà ti ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìròyìn pé ká lọ sọ èrò wa lójú ìwé yín lórí ayélujára. Kí ló dé? Lẹ́tà àwa òǹkàwé máa ń kún odidi ojú ewé kan tẹ́lẹ̀, bàbá mi a máa gé e pa mọ́ sínú Bíbélì. Ẹ̀ ń kó èrò wa lọ bá ẹlòmíì tajà, tó bá yá ẹ̀yin náà á máa sanwó kí òǹkàwé yín tó rí yín, bíi tèmi. Ẹ dákun, ẹ dá ojú ewé yẹn padà. Tí ẹ ò bá ráàyè tẹ tèmi, ẹ tẹ ti ẹlòmíì, ẹ má ṣáà ní kí n lọ kọ ọ́ sórí ayélujára.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta