Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí iṣẹ́ rọ́bà gíláàsì ọkọ̀ fi di iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan

Ẹ̀yin oníbàárà wa l'Ádó, n'Íkéré, n'Ífàkì àti níbi gbogbo tí ẹ ti ń wá, ẹ kú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kú ọyẹ́.

Àwọn kan nínú yín ti ń bi àwọn ọmọ iṣẹ́ wa pé kí ló dé tí iṣẹ́ rọ́bà gíláàsì, tí a máa ń parí láàárín wákàtí kan tẹ́lẹ̀, fi wá ń gba odindi ọjọ́ kan, tí owó rẹ̀ sì gòkè. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè. Mo ní kí wọ́n fi ìdáhùn sílẹ̀ fún èmi.

Rọ́bà tí mò ń sọ ni èyí tó wà ní ìta ilẹ̀kùn, ní ìsàlẹ̀ gíláàsì gan-an, níbi tí gíláàsì ń gbà wọ inú ilẹ̀kùn bí ẹ bá yí wáíńdà. Kì í ṣe èyí tó yí ẹnu ilẹ̀kùn ká. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ títí yóò fi ya. Òun ló ń nu omi àti eruku lára gíláàsì bó bá ń lọ sílẹ̀, òun ló ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú omi òjò padà síta, òun náà ni kì í jẹ́ kí gíláàsì máa gbọ̀n gàràgàrà bí ẹ bá bọ́ sí ọ̀nà tí kò dán.

Oòrùn ló ń pa á. Ẹ wo Píjò 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, tàbí Ìjàpá tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó lọ́dún yẹn kan náà. Bí rọ́bà àkọ́kọ́ bá ṣì wà lára wọn, ó ṣeé ṣe kó ju ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà lọ lọ́jọ́ orí. Á gan, á sán, á sún kì kúrò ní igun. Ọyẹ́ á wá kó iyanrìn jọ sí etí rẹ̀. Ìlà gbọọrọ tí ẹ ń rí lára gíláàsì yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, iyanrìn tó há sínú rọ́bà gígan ló fà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín pé òun á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé Píjò wọn wá. Mo yọ rọ́bà tó gbó, mo lẹ tuntun, mo fi sílíkóònù dí gbogbo àlàfo. Mo tún rí àwọn ihò wínníwínní nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, mo rò pé ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé, mo dí wọn pa. Bàbá yìn mí, wọ́n tún fún mi lówó ọtí. Òjò ọdún náà ò tíì dá tí wọ́n fi padà dé. Bí mo ṣe fa ilẹ̀kùn, ó ń dún gbúlúgbúlú bí kèrègbè ẹlẹ́mu. Irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún láti inú wá síta. Èmi ni mo san owó panẹbítà.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé omi díẹ̀ á ṣáà wọ inú ilẹ̀kùn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ṣe lu ihò sísàlẹ̀ kó lè rí ibi ṣàn lọ, tí wọ́n sì ta ọ̀rá sẹ́yìn páálí inú ilẹ̀kùn kí omi má baà kan páálí. Ihò tí mo dí, ojú àgbàrá ni. Ọ̀rá yẹn ńkọ́? Ilẹ̀kùn tí a ń tú tí a kì í bá a níbẹ̀ pọ̀: ẹni tó tún lọ́ọ̀kù ṣe ti fà á ya, ó ti jù ú nù.

Nítorí náà, a kì í lẹ rọ́bà láìtú ilẹ̀kùn mọ́, a kì í sì í fi sílíkóònù dí ibẹ̀. A ó tú páálí, a ó kó ewé àti iyanrìn inú rẹ̀ jáde, a ó fi wáyà la ihò. Bí irin bá ti dógùn-ún, a ó ha á, a ó kùn ún, á gbẹ kí rọ́bà tó débẹ̀. Èyí tó ń jẹ àkókò jù ni irin dídán tó gbé rọ́bà dání. Bó bá tẹ̀ pẹ́rẹ́, kò sí bí a ṣe lè nà án tí ojú ibẹ̀ kò ní hàn. A kì í fi sikurudíráfà tú u mọ́. Ike pẹlẹbẹ là ń lò, a ó sì ti lẹ téèpù bo ọ̀dà. Ọkọ̀ mìíràn, kílíìpù ló mú un, òmíràn, nọ́ọ̀tì, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé àfi ká yọ gíláàsì. Ìdí nìyẹn tí owó ọkọ̀ kan kì í fi í bá ti èkejì dọ́gba.

Rọ́bà tí wọ́n ń gé ní yáàdì lọ́jà kì í wọ́n, ṣùgbọ́n bó bá nípọn jù, gíláàsì á máa wúwo, wáíńdà á sì kán. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rà á.

Bí a bá ti lẹ rọ́bà tuntun, gíláàsì á máa le díẹ̀ láti yí ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi epo ẹ́ńjìnnì pa rọ́bà náà, ẹ má fi kẹrosíìnì. Vaseline náà ńkọ́? Ọmọ epo rọ̀bì kan náà ni. Rọ́bà á wú, á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Omi ọṣẹ ti tó.

Ẹ gbé ọkọ̀ wá láàárọ̀, ẹ wá gbà á nírọ̀lẹ́, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. A ó bu omi sí i lójú yín, ẹ ó sì rí i bó ṣe ń kán jáde nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí mo fi sílíkóònù ṣe tiyín kí n tó gbọ́n, ẹ má tijú, ẹ gbé e wá. Ọ̀fẹ́ ni a ó la ihò yẹn.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù